Ọwọ́ Ọ̀tún Lọ́yà: Bí A Ṣe Ń Kọ́ṣẹ́ Paralegal ní Community College

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn ọmọ Yorùbá ní Houston, ìpínlẹ̀ Texas

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tẹ́ ẹ péjọ síbí, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ìfarajì. A mọ iye tí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ní Houston níbí. Ẹlòmíràn nínú yín, láti ẹnu iṣẹ́ òru ló ti gba ibí wá tààrà. Mo júbà àgbà, kí ẹnu mi lè gba ọ̀rọ̀ sọ.

Iṣẹ́ paralegal, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ lọ́yà, ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí, àti bí èèyàn ṣe lè kọ́ ọ ní community college, ìyẹn kọ́léèjì ọlọ́dún méjì ti agbègbè. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀, àmọ́ ibì kan ni gbogbo rẹ̀ ń ṣàn lọ. Kí ló ń mú paralegal dáńgájíá? Ṣé ìwé òfin tó há sórí ni? Ṣé Gẹ̀ẹ́sì tó já geere ni? Rárá. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ kà, tó sì mọ ibi tí àṣẹ òun dúró, òun ni paralegal. Ẹni tí kò mọ méjèèjì, ì báà ní ìwé ẹ̀rí mẹ́wàá, ewu ni fún ọ́fíìsì tó bá gbà á.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: ta ni wọ́n ń pè ní paralegal?

Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé lọ́yà kékeré ni. Kò sóhun tó ń jẹ́ lọ́yà kékeré. Paralegal ń ṣe iṣẹ́ òfin gan-an, lọ́yà sì ń bójú tó o, lọ́yà ló ń fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún iṣẹ́ náà. Òun ló ń kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ sílẹ̀ kí lọ́yà tó yẹ̀ ẹ́ wò. Òun ló ń wá ìdájọ́ àtẹ̀yìnwá tó bá ẹjọ́ mu, tó ń bá ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀, tó ń to ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ìwé lẹ́sẹẹsẹ, tó sì ń fi ìwé ránṣẹ́ sí kóòtù lórí kọ̀ǹpútà.

Kò gbọdọ̀ gba oníbàárà nímọ̀ràn lórí òfin. Kò gbọdọ̀ dúró níwájú adájọ́ kó máa rojọ́ fún ẹlòmíràn. Òun kọ́ ló ń pinnu bóyá kí ọ́fíìsì gba ẹjọ́, òun kọ́ ló sì ń dá iye owó iṣẹ́. Lóòótọ́, Utah àti Arizona ti ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀: àwọn kan tí kì í ṣe lọ́yà ń gba ìwé àṣẹ níbẹ̀ láti bójú tó irú àwọn ẹjọ́ kan fúnra wọn. Ẹ má fi òfin Arizona ṣiṣẹ́ ní Houston o.

Ṣé owó wà níbẹ̀? Owó wà níbẹ̀. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò owó oṣù sọ pé ní 2024, ìdajì àwọn paralegal ní Amẹ́ríkà ń gbà ju $61,000 lọ lọ́dún. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń gòkè.

Kí nìdí tí ọ́fíìsì fi ń san owó yẹn? Ní 1989, kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Missouri v. Jenkins. Wọ́n ní tí òfin bá ní kí ẹni tó pàdánù ẹjọ́ san owó lọ́yà ẹni tó borí, wákàtí tí paralegal fi ṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ní iye tí ọjà ń ná an. Nítorí náà wákàtí yín di owó. Ìṣẹ́jú mẹ́fà-mẹ́fà la sì fi ń ka wákàtí ọ̀hún: ìṣẹ́jú mẹ́fà ni 0.1, ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni 0.3. Ẹni tó bá kọ "mo ṣiṣẹ́ lórí fáìlì, wákàtí mẹ́ta", adájọ́ lè gé e dànù. Ẹni tó bá kọ "mo ka àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn, ojú ìwé 140, mo sì to ọjọ́ ìtọ́jú lẹ́sẹẹsẹ, 2.4", tirẹ̀ dúró. Iṣẹ́ akọ̀wé lásán, bíi ṣíṣe ẹ̀dà ìwé tàbí títo fáìlì sínú àpótí, kò sí nínú ohun tí a ń ka owó lé. Ojoojúmọ́ la ń kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ẹni tó bá dúró dìgbà tó di Ọjọ́ Ẹtì kó tó rántí ohun tó ṣe ní Ọjọ́ Ajé, àbá ló ń dá, owó ọ́fíìsì ló sì ń jò dànù.

Ọ̀rọ̀ kejì: iléèwé wo?

Ní Texas, òfin ò béèrè ìwé àṣẹ ìjọba kéèyàn tó pe ara rẹ̀ ní paralegal. California yàtọ̀, òfin ibẹ̀ sọ irú ẹ̀kọ́ tí èèyàn gbọ́dọ̀ ní. Ẹnì kan lè wá bi mí pé: bí òfin Texas ò bá béèrè, kí la fẹ́ fi iléèwé ṣe? Ọ́fíìsì lọ́yà ló ń béèrè. Lọ́yà tó máa fi ìwé àṣẹ tirẹ̀ dúró fún iṣẹ́ yín fẹ́ mọ ibi tẹ́ ẹ ti kọ́ ọ.

Oríṣi ẹ̀kọ́ méjì ló wọ́pọ̀ ní community college. Èkíní ni dìgírì ọdún méjì, bíi kírẹ́díìtì 60, fún ẹni tó parí girama. Èkejì ni sàtífíkéètì fún ẹni tó ti ní dìgírì tẹ́lẹ̀. Kìkì kọ́ọ̀sì òfin ló máa ń kún inú èyí, ọ̀pọ̀ sì ń parí rẹ̀ láàárín ọdún kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kàwé jáde nílé, ibí yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ má lọ bẹ̀rẹ̀ dìgírì ọdún méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ẹnì kan ní tibí ò ka tilé sí.

Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà, ìyẹn ABA, ń fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ paralegal. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ tó kírẹ́díìtì 60 lápapọ̀, kọ́ọ̀sì òfin inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín sí kírẹ́díìtì 18. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ńlá ní Houston máa ń wá ìfọwọ́sí yẹn kí wọ́n tó ka ìwé yín kọjá ojú ìwé àkọ́kọ́. Orúkọ àwọn iléèwé náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ABA, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wò ó fúnra yín, ẹ má gba ti ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù gbọ́. Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: ètò ẹ̀kọ́ ni ABA ń fọwọ́ sí, kì í fọwọ́ sí èèyàn. Iléèwé tó bá ní òun máa sọ yín di paralegal tí ABA fọwọ́ sí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ yáa dìde níbẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Àwọn kan á ní community college ò ní orúkọ. Bí wọ́n bá gúnyán nínú ewé, tí wọ́n sì se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ibẹ̀ ló jẹ́ lọ́yà tó ń lọ sí kóòtù lọ́sàn-án tó sì ń kọ́ni lálẹ́. Owó rẹ̀ sì ṣeé san, pàápàá bí ilé yín bá wà lágbègbè kọ́léèjì náà. Lone Star College ló ni apá àríwá, San Jacinto College ló ni apá ìlà oòrùn, Houston Community College, ìyẹn HCC, ló ni ìgboro. Bẹ́ ẹ bá sọdá lọ sí èyí tí kì í ṣe ti agbègbè yín, owó kírẹ́díìtì kan náà á wọ́n sí i. Ẹ mú ìwé tó fi àdírẹ́sì yín hàn dání lọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí owó ìrànwọ́, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ àwọn èèyàn wa ti ń kọ́. Ìjọba àpapọ̀ ní ẹ̀bùn owó kan tí wọ́n ń pè ní Pell Grant. Fún sáà ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ $7,395. Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe gbèsè. Fọ́ọ̀mù FAFSA la fi ń béèrè rẹ̀. Ọmọ onílùú lè gbà á, ẹni tó ní green card náà lè gbà á, àmọ́ ẹni tó wá pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ ò lè gbà á. Ẹ wá tẹ́tí sí èyí: ẹni tó ti gba dìgírì àkọ́kọ́ níbikíbi láyé, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ tàbí ní Ìlọrin, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí Pell Grant mọ́. Kódà bí kọ́léèjì ò bá fún un ní kírẹ́díìtì kan ṣoṣo lórí dìgírì náà. Ẹni tó bá fi dìgírì rẹ̀ pa mọ́ láti gba owó yìí ti parọ́ fún ìjọba àpapọ̀, ẹni tó sì fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ lọ́yà kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Owó tí wọ́n ń yáni ṣì lè wà fún un. Ẹ lọ bi ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ kọ́léèjì náà léèrè kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀.

Ìwé dìgírì tilé, ẹ ní láti gbé e fún àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí ti Amẹ́ríkà, bíi WES tàbí ECE. Èyí tó to èsì kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ gbà. Yunifásítì yín ló máa fi èsì ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, wọn kì í gba èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ó sì lè pẹ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wọlé ní oṣù Kẹjọ, oṣù Kìíní ló yẹ kẹ́ ẹ ti kọ̀wé sílé.

Ọmọ tó bá ní lọ́kàn láti di lọ́yà lọ́jọ́ iwájú, kó mọ̀ pé dìgírì ọdún méjì tó dá lórí iṣẹ́ ọwọ́ kì í sábà wọ yunifásítì tán. Kírẹ́díìtì kan lè ṣòfò. Kó béèrè lọ́wọ́ yunifásítì tó fẹ́ lọ, kì í ṣe lọ́wọ́ kọ́léèjì nìkan.

Ọ̀rọ̀ kẹta: kí ni wọ́n ń kọ́ wa níbẹ̀?

Orúkọ kọ́ọ̀sì ò ṣòro: ètò kóòtù, ẹjọ́ láàárín ará ìlú, àdéhùn, ilẹ̀ àti ilé, ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀, ogún àti ìwé ìhágún, ẹjọ́ ọ̀daràn, ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́, ìwádìí àti ìwé kíkọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ òfin ní Nàìjíríà, púpọ̀ nínú rẹ̀ ò ní ṣàjèjì sí yín, torí orísun kan náà ni, ìyẹn òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tó máa yà yín lẹ́nu ni bí ìhà méjèèjì ṣe ń tú àpò ara wọn wò kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀, ìhà kan lè kọ ìbéèrè 25 ránṣẹ́ sí ìhà kejì, kí wọ́n fèsì lábẹ́ ìbúra láàárín ọjọ́ 30. Wọ́n sì lè fi ẹlẹ́rìí jókòó fún wákàtí méje lọ́jọ́ kan, kí wọ́n máa bi í léèrè kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́. Paralegal ló ń gbé gbogbo ẹrù yìí.

Àmọ́ ọjọ́ kíkà ni mo fẹ́ ká jọ ṣe. Ká ní wọ́n fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́ ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 5 oṣù Kẹta. Bó bá jẹ́ kóòtù ìjọba àpapọ̀, ọjọ́ 21 ló ní láti fèsì. Báwo la ṣe máa kà á? Nílé, a máa ń ka ọjọ́ tá a wà mọ́ ọn. Ọjà tó ń ná lọ́jọ́ mẹ́rin-mẹ́rin là ń pè ní ọjà ọrún, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló sì ń jẹ́ ìtàdógún. Kóòtù ibí kì í ka ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ 6 ni oókan, a ó ka Àbámẹ́ta àti Àìkú mọ́ ọn, ọjọ́ 21 á sì pé ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 26. Bí ọjọ́ ìkẹyìn bá bọ́ sí Àbámẹ́ta, Àìkú tàbí ìsinmi ìjọba, yóò sún sí ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀lé e.

Ṣé ó ti tán? Kò tíì tán. Ẹ gbé ẹjọ́ yìí kan náà lọ sí kóòtù ìpínlẹ̀ Texas. Níbẹ̀, a ó ka ọjọ́ 20, a ó wá lọ sí Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọjọ́ 20 pé ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 25. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni ọjọ́ 31. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni o, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́. Bí ọjọ́ 20 gan-an bá bọ́ sí Ọjọ́ Ajé ńkọ́? Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ ni. Ẹ rí i: ìwé kan náà, ọjọ́ ìfilénilọ́wọ́ kan náà, kóòtù méjì, ọjọ́ ìdáhùn méjì. Olùjẹ́jọ́ tí kò bá fèsì, wọ́n lè dá a lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí ọkọ̀ kọlù ní Texas: ọdún méjì ló ní láti pẹjọ́. Bó bá fi ọjọ́ kan ré e kọjá, ẹjọ́ tó dára jù lọ láyé lè kú bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ gidi fi máa ní kẹ́ ẹ kọ gbogbo ọjọ́ sí ibi mẹ́ta lórí kàlẹ́ńdà: ọjọ́ náà gan-an, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, àti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹlòmíràn á tún un kà láìwo tiyín. Bí iye méjèèjì bá yàtọ̀, ẹ má ṣe jà, ẹ ṣí ìwé òfin.

Ohun kejì tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni bíbo àṣírí inú ìwé. Gbogbo ayé ló lè ka ohun tá a bá fi sílẹ̀ ní kóòtù ìjọba àpapọ̀, sẹ́ǹtì mẹ́wàá ni ojú ìwé kan lórí PACER, ibi tí wọ́n ti ń ka ìwé ẹjọ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nìkan ló gbọ́dọ̀ hàn nínú nọ́ńbà Social Security àti ti àkáǹtì báńkì. Ọdún ìbí nìkan ló gbọ́dọ̀ hàn. Ọmọ tí kò tíì tó àgbà, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ nìkan. Ibo ni ó ti ń bàjẹ́? Ẹni tí kò kọ́ ọ dáadáa á ya àmì dúdú lé ọ̀rọ̀ náà lórí kọ̀ǹpútà, yóò rò pé òun ti bò ó. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lábẹ́ dúdú! Ẹni tó bá fa èkúté kọ̀ǹpútà kọjá lórí rẹ̀, tó dà á kọ, tó lẹ̀ ẹ́ sí ibòmíràn, yóò kà á kedere. Irinṣẹ́ tó ń yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò pátápátá ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì fúnra yín gbìyànjú dídà á kọ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ìkẹta ni ìwádìí. Westlaw àti Lexis, àkójọ òfin àti ìdájọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni iléèwé máa fi kọ́ yín. Ẹ má fi rírí ìdájọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ wo bóyá ó ṣì dúró. Àsíá pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sọ pé, ó kéré tán, apá kan nínú rẹ̀ ti wó. Ní 2023, ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní New York, nínú ẹjọ́ Mata v. Avianca, àwọn lọ́yà kan kó ìdájọ́ tí ChatGPT hun fún wọn síwájú adájọ́. Kò sí èyí tí kóòtù kankan dá rí nínú wọn. Adájọ́ bu owó ìtanràn $5,000 lé wọn. Paralegal tó bá ṣí ìdájọ́ kọ̀ọ̀kan, tó sì kà á látòkèdélẹ̀, ì bá ti mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ kẹrin: ààlà

Ibí yìí ló kan àwa ọmọ Yorùbá jù. Ìdí ni pé bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ lọ́yà, gbogbo ilé ló máa kó ìwé wá.

Ká ní ìyá kan mú fọ́ọ̀mù N-400 dání lẹ́yìn ìsìn, èyí tí wọ́n fi ń béèrè láti di ọmọ onílùú. Ọlọ́pàá ti mú un lẹ́ẹ̀kan rí, kóòtù sì da ẹjọ́ náà nù. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní ṣé wọ́n ti mú mi rí. Ẹjọ́ yẹn ṣáà ti tán, ṣé kí n fi rárá síbẹ̀?" Bí paralegal bá ní, "Ẹ fi rárá síbẹ̀, mà," ó ti gbani nímọ̀ràn òfin láìlẹ́tọ̀ọ́, ó sì ti gbé ìyá yìí sí wàhálà, nítorí fọ́ọ̀mù náà fẹ́ gbọ́ nípa ìmúni tí ẹjọ́ rẹ̀ ti tán pàápàá. Kí ló yẹ kó sọ? "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ nǹkan kan síbẹ̀. Mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dáhùn èyí. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà ìmígíréṣọ̀n wò ó kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i." Ó lè dà bí àìbọ̀wọ̀. Kì í ṣe àìbọ̀wọ̀, ààbò ni.

Nǹkan míì tún ń da èèyàn wa láàmú. Ní Nàìjíríà, lọ́yà ni notary public, Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè ló ń yàn án. Ní Texas, ẹnikẹ́ni tó bá yege ohun tí ìpínlẹ̀ béèrè lè gba òǹtẹ̀ notary. Olórí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jẹ́rìí sí ìfọwọ́síwèé. Paralegal tó bá ní òǹtẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ máa la èyí yé àwọn àgbà ilé, kí wọ́n má baà rò pé òǹtẹ̀ ló sọ ọ́ di lọ́yà. Ẹni tó bá fẹ́ ran èèyàn lọ́wọ́ nídìí ìmígíréṣọ̀n láìjẹ́ lọ́yà, ọ̀nà kan wà tó bófin mu: kó ṣiṣẹ́ lábẹ́ àjọ aláàánú tí ilé iṣẹ́ ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ mọ̀, kí àjọ náà sì bá a béèrè ìfọwọ́sí.

Àṣírí ńkọ́? Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n á pàdé yín níbi òde, wọ́n á ní, "Ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lágbájá, ṣé ọ́fíìsì yín ló wà?" Ẹ má dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má dáhùn rárá. Pé ẹnì kan tilẹ̀ jẹ́ oníbàárà yín, ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ níta ni. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kúrò ní ọ́fíìsì kan lọ sí òmíràn, ẹ sọ fún ọ̀gá tuntun orúkọ àwọn ẹjọ́ tẹ́ ẹ ti fọwọ́ kàn, orúkọ nìkan, kí wọ́n lè yà yín sọ́tọ̀ bí ọ̀tá ẹjọ́ àtijọ́ bá wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù

Sàtífíkéètì iléèwé yàtọ̀ sí ìdánwò ẹgbẹ́. NALA, ẹgbẹ́ àwọn paralegal ní Amẹ́ríkà, ló ń ṣe ìdánwò Certified Paralegal láti 1976. Ó ní ipele méjì: ìbéèrè 120 lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó bá yege ni yóò wá kọ ti ìwé kíkọ. Ẹ má kọ "Certified" síwájú orúkọ yín nítorí pé ẹ gba sàtífíkéètì kọ́léèjì. Ní Texas níbí, àjọ tó ń dá àwọn lọ́yà akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mọ̀ ti ń fún paralegal náà ní tirẹ̀ láti 1994, àmọ́ èyí wà fún ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Kẹ́ ẹ tó san owó, ẹ lọ bá olórí ètò ẹ̀kọ́ náà lójúkojú, kẹ́ ẹ bi í léèrè: ṣé ABA ṣì fọwọ́ sí yín lọ́dún yìí? Ọ́fíìsì wo ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ṣẹ́, ta ló ń wá a, èmi ni àbí ẹ̀yin? Kọ́ọ̀sì wo ló ń wáyé lálẹ́? Ṣé Westlaw tàbí Lexis wà fún wa láti lò nílé? Àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá, ibo ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ báyìí? Ìdáhùn ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ni kẹ́ ẹ fetí sí jù. Bó bá ń yí i po, ẹ gba iléèwé kejì lọ.

Mo rí ọwọ́ méjì tó wà lókè lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé máíkì dé ọ̀dọ̀ ìyá yẹn lákọ̀ọ́kọ́.